Àlàfo Ara Pátákó Àjọ Oko Ìrẹsì

Ní òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá, wọ́n yin ìbọn kan ní pápá ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé mi níhìn-ín ní Richmond, ife tíì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ìbọn tí í pa ènìyàn. Èyí tí wọ́n fi ń tú àwọn eléré ìje sílẹ̀ ni, tí kò ní nǹkan kan nínú ju ariwo àti èéfín lọ. Afẹ́fẹ́ gbé èéfín náà gba orí ọgbà onípákó wá sí ojú fèrèsé ìdáná mi, ó sì ń rùn bí ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti sún sẹ́yìn lábẹ́ tábìlì, ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ yìí kan náà ni dókítà ní kí n máa gbé sórí tìmùtìmù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, orúnkún mi kò sì fẹ́ràn àtẹ̀gùn mọ́, ṣùgbọ́n ara kì í gbàgbé ohun tí a bá fi kọ́ ọ ní kékeré.

Fọ́ọ̀mù kan ló wà níwájú mi lórí tábìlì náà. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, tí ń jẹ́ Tèmi, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ọdún méjì sẹ́yìn, ló mú un dé láti ilé-ìwé, kí n buwọ́ lù ú kí wọ́n tó gbà á sínú ẹgbẹ́ eléré ìje. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wò ó bí ẹni ń wo ejò tó ká sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí ìlú yìí a máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ìwé pẹlẹbẹ ni mo ń bínú sí. Ẹ jókòó, kí n sọ ohun tí ìwé pẹlẹbẹ kan fi ojú mi rí.

Ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà ní Iléṣà, fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Houston. Àbúrò rẹ̀ yìí àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Sharpstown, nínú ilé apátímẹ́ǹtì alájà méjì kan tó kọ ẹ̀yìn sí Southwest Freeway. Ìró ọkọ̀ kì í dá níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ṣèbí òjò ló ń bọ̀, mo sì ń sáré jáde láti ká aṣọ, títí wọ́n fi sọ fún mi pé kò sí ẹni tó sá aṣọ kankan síta.

Ní pápákọ̀ òfuurufú gan-an, kí n tó gbé àpótí mi sílẹ̀, ni àbúrò ìyá mi ti fi òfin lélẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí."

Ó fà mí dìde. "Àǹtí ta ni? Mọ́mì ni wàá máa pè mí. N kò gbọdọ̀ gbọ́ àǹtí lẹ́nu ẹ mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Mọ́mì, tí ọkọ rẹ̀ di Dádì, tí àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì sì di àbúrò mi. Ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ mi kò kéré sí tiwọn, ìbáwí tí mo ń gbà kò sì dín sí tiwọn. Ìyá mi ní Iléṣà wà ní ipò tirẹ̀ láìyẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ ń dé, kásẹ́ẹ̀tì tó gba ohùn ara rẹ̀ sí náà ń dé, a ó sì jókòó yí rédíò ká, a ó máa gbọ́ bí ó ti ń bá wa wí láti òkèèrè. Kò sí ẹni tó rò pé ìyá méjì pọ̀ jù fún ọmọ kan.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó tọ́ wa, ìwà àbùkù ni kí ènìyàn na ìka sí ọmọ tó wà nínú ilé rẹ̀, kí ó sì sọ fún àlejò lójú ọmọ náà pé, "Èmi kọ́ ni mo bí i." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti lé ọmọ jáde nílé láìṣí ilẹ̀kùn. Nítorí náà, nígbà tí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé bèèrè orúkọ ìyá, Mọ́mì mú báírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ tó ń sè. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ohun tó fẹ́ rò níbẹ̀.

Ilé-ìwé wa wà nínú àjọ eré ìdíje kan tí orúkọ rẹ̀ gùn débi pé ẹnikẹ́ni kì í pè é tán. Àjọ Oko Ìrẹsì ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, oko ìrẹsì ló yí ilé-ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́ ká, àwọn ọmọ a sì máa fo kòtò omi kí wọ́n tó dé pápá. Kóòṣì wa, bàbá òyìnbó kan tí oòrùn ti jó ọrùn rẹ̀ pupa, ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti gbé wa lọ sí ìdíje, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àjọ náà fún wa, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé, ẹni tó bínú jáde, ẹni tó padà wá bẹ̀bẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń ka ìran ọba ìlú rẹ̀.

Bí ilé ti ń pọ̀ tí oko sì ń tán, ilé-ìwé mẹ́rin náà di méje. Àwọn ará ìhà Richmond wà níbẹ̀. Ẹlẹ́ran ni a ń pè wọ́n, nítorí màlúù a máa dúró lẹ́yìn ọgbà wọn, a máa wo eré wa, a sì máa jẹ àpọ́jẹ bí ẹni tí ohun tó ń wò kò dùn mọ́. Àwọn ará ìhà League City wà níbẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti lè dá ènìyàn dúró lójú kan lórí ìsáré; kí ọkọ̀ wa sì tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ebi yóò ti máa pa wá, èébì yóò sì ti gbé ẹnì kan. Àwọn Onígéètì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ilé-ìwé àwọn olówó, tí igi óákù tò sí ẹnu ọ̀nà wọn bí ọlọ́pàá, tí eléré wọn kọ̀ọ̀kan sì ní bàtà méjì, ọ̀kan fún ìdánrawò, ọ̀kan fún ọjọ́ ìdíje. Àwọn mẹ́ta yòókù kò yàtọ̀ síra wọn lójú mi. Kí wọ́n dárí jì mí.

Nínú gbọ̀ngàn eré wa ni pátákó kan wà. Orúkọ ilé-ìwé méjèèje ló wà lókè rẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n to àwọn ọdún tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì kọ orúkọ ilé-ìwé tó gba ife eré ìje àwọn ọmọbìnrin sí ẹ̀gbẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan. Onígéètì, Onígéètì, Ẹlẹ́ran, Onígéètì. Orúkọ tiwa kò sí níbẹ̀ rí, àfi lókè níbi tí wọ́n ti ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Lọ́dún kejì tí mo dé, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ ní Texas. Àwọn bàbá ń pàdánù iṣẹ́, ilé ń ṣófo, iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì yí padà pátápátá. Ìròyìn kàn wá pé wọn yóò tú àjọ náà ká tí ọdún bá parí, wọn yóò sì pín olúkúlùkù sí ibòmíràn. Kóòṣì kó wa jọ sí abẹ́ àga àwọn òǹwòran, ó ní, "Ọdún ìkẹyìn rè é. Ẹni tí kò bá gbé orúkọ rẹ̀ sórí pátákó yẹn lọ́dún yìí, kò ní gbé e síbẹ̀ mọ́ láé."

Dẹníìsì gbà á gbọ́ ju gbogbo wa lọ. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, òun sì ni ọ̀gá wa nínú ẹgbẹ́ ríléè, eré ẹlẹ́ni mẹ́rin tí a ti ń fi ọ̀pá lé ara wa lọ́wọ́. Òun ló kọ́kọ́ yàn mí lọ́rẹ̀ẹ́ ní Houston, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ló fi bẹ̀rẹ̀. "O ń sáré bí ẹni tó gbé nǹkan lórí," ó wí, ó sì di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Omi ni mo ti ń fi orí rù láti kékeré. Ó kọ́ mi bí a ti ń ju apá, bí a ti ń gba ọ̀pá láìwẹ̀yìn. Kóòṣì yunifásítì kan ti ṣèlérí pé òun yóò gbà á láìgba owó ilé-ìwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba ife àjọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìfọṣọ tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ló ń dúró dè é, ó sì ti mọ òórùn ọṣẹ ibẹ̀ tó èyí tó yẹ kí ó mọ̀.

Mọ́mì kò kọ́kọ́ gbà fún eré náà. "Ṣé ìwé lo wá kà ní Amẹ́ríkà, àbí o wá máa sá kiri bí ẹni tó jí adìẹ gbé?" Àmọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ń bọ̀ láti ibi ìdánrawò orin ní ìjọ Aládùúrà wọn, ó wọ aṣọ funfun, kò wọ bàtà, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ pápá láti wá mú mi lọ sílé. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n gbé ọ̀pá lé mi lọ́wọ́. N kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́: "Jésù, tì í lẹ́yìn! Ọmọ mi, má wẹ̀yìn o!" Láti ọjọ́ náà, kò sí ìdíje tí kò wá. Gbogbo Àjọ Oko Ìrẹsì ló mọ ìyá aláṣọ funfun tó ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà.

A gba ife náà. Ríléè ló kẹ́yìn lọ́jọ́ àṣekágbá, ẹ̀yìn àwọn Onígéètì la sì wà nígbà tí ọ̀pá dé ọwọ́ mi. Èmi ni ẹnì kẹta. N kò rántí ìsáré náà. Ohun tí mo rántí ni ọwọ́ Dẹníìsì tó nà sẹ́yìn, tó ṣí sílẹ̀ bí ewé, àti bí ọ̀pá ti wọ inú rẹ̀ tí ó sì dì í mú. Ó kọjá ọmọbìnrin Onígéètì nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí. Wọ́n fi mẹ́dàl kọ́ wa lọ́rùn. Mọ́mì jó lórí koríko.

Ẹnu mi ló wá ba nǹkan jẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn ilé-ìwé wa bi mí pé ta ló kọ́ mi ní eré. Inú mi ń dùn, ahọ́n mi tú. Mo ní ìyá mi ni, tó ń ṣe tíṣà ní Iléṣà, tó jẹ́ pé bí ó bá rán mi níṣẹ́, yóò tu itọ́ sílẹ̀, yóò ní itọ́ náà kò gbọdọ̀ gbẹ kí n tó dé. Mo fi kún un pé ó ti tó ọdún méjì tí mo ti rí i kẹ́yìn. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ wá wò ó, àṣà àjọ náà ni pé kí ilé-ìwé méjèèje máa fi ìwé ìròyìn wọn ránṣẹ́ síra wọn. Ẹnì kan lọ́dọ̀ àwọn Onígéètì kà á, ó sì bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá bèèrè: bí ìyá rẹ̀ bá wà ní Iléṣà, ta wá ni ti aláṣọ funfun?

Òfin àjọ ni pé ọmọ tí kò bá gbé lọ́dọ̀ òbí tó bí i kò gbọdọ̀ sáré, àfi tí kóòtù bá fún un ní alágbàtọ́, tàbí tí àjọ bá kọ́kọ́ yọ̀ǹda. N kò ní fi irọ́ mọ́ òfin náà pé kò nítumọ̀. Wọ́n ṣe é kí ilé-ìwé kan má baà máa jí eléré ilé-ìwé mìíràn gbé. Ṣùgbọ́n ta ló jí mi gbé?

Wọ́n pè wá sí ìpàdé ní ilé ìkàwé wa. Aṣojú ilé-ìwé méjèèje jókòó sídìí tábìlì gígùn kan. Èmi, Mọ́mì àti Dádì jókòó ní òdìkejì. Bàbá arúgbó kan láàárín wọn, tí awò ojú rẹ̀ nípọn, ni alága, kò sì ṣe ènìyàn burúkú.

"Màdáàmù, ṣé ọmọ yín ni?"

"Ọmọ mi ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?"

Mọ́mì wò mí, ó wo ọkùnrin náà. "Sà, irú ìbéèrè wo nìyẹn níwájú ọmọ?"

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé pé bí Mọ́mì bá lè sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni mí, pé òun ṣì í kọ lórí fọ́ọ̀mù ni, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bí àṣìṣe, wọn yóò fi lẹ́tà kìlọ̀ fún ilé-ìwé wa, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, irọ́ ni wọn yóò pe fọ́ọ̀mù náà, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe. "Ẹ kàn sọ ọ́, Màdáàmù."

Dádì tẹ̀ sí i létí. "Sọ ọ́, jàre. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Lójú ẹ̀? Kó wá máa fojú wo wò mí nílé?" Mọ́mì kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ sọ ọ́, bó bá dùn lẹ́nu ẹ."

Dádì fẹ̀yìn ti àga. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo ń fẹ́ kí ó sọ ọ́ nítorí Dẹníìsì, mo sì ń gbàdúrà kí ó má sọ ọ́ nítorí ara mi.

"Ọmọ mi ni," Mọ́mì wí fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. "Mo ti sọ ọ́ tán."

Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ka ọwọ́, wọ́n sì gba ife lọ́wọ́ wa.

Ó ti tó ogójì ọdún, inú mi kò sì tíì rọ̀. Àgbàlagbà mẹ́sàn-án ló wà nínú yàrá yẹn, àwọn kan nínú wọn sì ti ka ìwé títí irun fi tán lórí wọn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní làákàyè láti sọ pé, "Ọmọbìnrin, jáde síta díẹ̀." Ohun tó kù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ti bọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, Mọ́mì ìbá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, yóò fi ẹ̀rín sí i, yóò sì jáde wá dì mọ́ mi. Èmi náà lẹ́sẹ̀, mo sì lẹ́nu. Mo lè ní mo fẹ́ lọ mu omi. N kò dìde. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Dẹníìsì ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó bi mí pé, "Ọ̀rọ̀ kan péré? Ọ̀rọ̀ kan péré ni kò lè sọ?" Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ohun tí ẹnu ń sọ lọ́dọ̀ wa. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, ó ní, "Ó dára. Èmi náà ọmọ ìyá mi ni," ó sì rìn lọ. Nígbà tí ọlidé parí, òun àti ìyá rẹ̀ kò sí ní ilé tí wọ́n ń gbé mọ́. Mo lọ sí ilé ìfọṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì; àwọn ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. N kò tún rí i mọ́ títí di òní olónìí, mo sì ti wá a.

Kóòṣì wá sílé láti gba mẹ́dàl mi, nítorí àwọn mẹ́ta yòókù ti dá tiwọn padà. Mọ́mì fún un ní omi tútù, ó sì bi í pé, "Ṣé fọ́ọ̀mù ló sáré ni?" Bàbá náà mu omi rẹ̀ tán. Ó lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́dàl náà sọnù. Nígbà tí Mọ́mì papò dà, inú àpótí rẹ̀ ni mo ti rí i, ó fi gèlè funfun wé e.

Àwọn ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo padà lọ sí ilé-ìwé náà. Wọ́n ti gbé pátákó wa lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Àjọ ti túká kí ẹnikẹ́ni tó rántí kọ orúkọ àwọn Onígéètì sí ọdún ìkẹyìn, nítorí náà kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n kọ ọdún náà, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ìka mi wọ̀n ọ́n. Orúkọ wa ìbá gba ibẹ̀ dáadáa.

Lóde òní, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn àjọ eré ìdíje, kò sì sí ọmọ tó lè sọ ilé-ìwé tó wà nínú tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Oko ìrẹsì ti di ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Màlúù àwọn Ẹlẹ́ran ti lọ. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹko ni ilé mi wà báyìí. Ohun tí kò yí padà kò ju méjì lọ: àwọn ọmọ wa ṣì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwọn òbí wọn, fọ́ọ̀mù sì ṣì ń bèèrè ta ló bí wọn.

Bí mo ti ń rò ó ní Sátidé náà ni Tèmi wọlé, bàtà eré lọ́wọ́. "Mọ́mì, kóòṣì ní òní ni last day o. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó fa àga, ó fẹ́ jókòó tì mí, kí ó máa wo ohun tí mo ń kọ. Ìwé kóòtù tó sọ mí di alágbàtọ́ rẹ̀ wà nínú fáìlì mi, mo ti gbà á láti ọjọ́ tí ó ti dé, nítorí ojú mi ti rí nǹkan. Mo gbé báírò, mo tún gbé e kalẹ̀.

"Lọ bá mi mú awò ojú mi nínú mọ́tò."

"Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀ ọ́ sójú."

"Òmíràn ni. Lọ."

Mo dúró títí ilẹ̀kùn fi pa dé. Mo wá kọ ọ́ gàdàgbà, pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni mí, pé èmi kọ́ ni mo bí i, mo sì ká ìwé náà sí mẹ́rin kí ó tó padà dé.

"N kò rí i," ó wí. "Kí lẹ kọ síbẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n fẹ́ kà," mo wí. "Máa lọ sí pápá, ọmọ mi. Má wẹ̀yìn."